Ilẹ̀ Ni Mo Ń Wá fún Iná

Agogo méjì ọ̀sán ni a dé pápá ilé-ìwé ní Ìlódè,
wáyà léjìká mi bí ejò tó ti yó.
Ìyìọlá, ọmọ iṣẹ́ mi, ń wọ́ àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ lẹ́yìn,
ó ń kà á bí ẹni ń ka owó olówó:
"Ọ̀kan fún dùùrù. Ọ̀kan fún béèsì. Méjì fún gìtá.
Ọ̀kan fún ẹni tí kò tíì dé, tí yóò sì bínú."

Jẹnẹrétọ̀ wa kì í ṣe ọmọdé.
Kílówáàtì mẹ́wàá ni wọ́n kọ sí i lára;
mẹ́fà ni mo gbà gbọ́.
Olórí ẹgbẹ́ rí mi pẹ̀lú bíírò àti ìwé,
mo ń ṣírò ohun tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò jẹ.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ so ó pọ̀ ṣáá, ká kọrin."

Ká so ó pọ̀ ṣáá.
Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí ní Ìrẹ̀mọ, lálẹ́ Àjíǹde kan,
tí Ìlúfóyè fi ètè kan máìkì,
tí iná gba ètè rẹ̀ wọlé, tó gba okùn gìtá jáde.
Kò kú.
Ṣùgbọ́n títí dòní, kó tó kọrin,
á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin náà
bí ìyá ṣe ń tọ́ omi ìwẹ̀ ọmọ wò.
Èmi ni mo so wáyà lọ́jọ́ náà.
N kò tíì sọ ọ́ fún Ìyìọlá.

Nítorí náà, kí n tó pín in fún ẹnikẹ́ni,
ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀.
Mo gbá ọ̀pá bàbà wọlẹ̀ lẹ́yìn pèpéle.
Ẹ̀ẹ̀rùn ti sọ ibẹ̀ di àpáta;
mo po iyọ̀ mómi, mo ń dà á sídìí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀.
Ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná dúró:
"Ọmọ mi, kí lẹ̀ ń bọ?"
"N kò bọ nǹkan kan, Màámi. Ilẹ̀ ni mo ń wá fún iná,
kó lè ríbi sá sí bó bá ṣìnà."
Ó wo omi iyọ̀. Ó wò mí.
"Ní Ifẹ̀ níbí," ó ní, "lo ti ń wá ilẹ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín títí igi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀.

Mo wá pín in.
Ọ̀nà kan fún ohùn, òun nìkan.
Iná pupa, iná àwọ̀ ewé, mo fún wọn ní ọ̀nà tiwọn
kí kíkùn wọn má bàa ran dùùrù.
Látúnjí ní kí n fún òun ní sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sí i.
Mo ní ìwọ̀n ni, kì í ṣe ìkórìíra.
Mo sọ gbogbo wáyà lórúkọ bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Orin kẹta, dùùrù dákẹ́ lójijì.
Ìyìọlá ti wọ abẹ́ pèpéle kí n tó dìde.
Ó gbé kẹ́tùlù jáde, ó nà án sókè bí ẹran tí ọdẹ pa:
"Atọ́kùn ètò fẹ́ mu tíì!"

Wọ́n pe Ìlúfóyè.
Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan irin náà.
Ó dúró. Èmi náà dúró.
Kò sí nǹkan kan.
Ó gbé ètè sún mọ́ ọn.

Lẹ́yìn pèpéle, ilẹ̀ ṣì tutù nídìí ọ̀pá bàbà.
"Ìyìọlá," mo ní, "jókòó.
Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo jẹ ọ́."