Oúnjẹ Ọmọ

Lẹ́yìn ẹ̀rọ gaàrí wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó
èèpo ẹ̀gẹ́ ga ju àtẹ́rígbà lọ.
Òjò á gbá díẹ̀, iná á jẹ ìyókù.
Àgùntàn méjì jẹ ẹ́ ní tútù lóṣù tó kọjá;
ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ikùn wọn fi wú bí agbè.
Mo sin wọ́n.
Mi ò tíì sọ fún Odùnúgà tó ni wọ́n.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, koríko ò sí.
Mo sá èèpo sórí páànù lọ́jọ́ mẹ́rin,
mo gé pòpòrò àgbàdo wẹ́wẹ́,
mo fi omi eérú èèpo kòkó rin ín,
mo dì í pa sínú ọ̀rá dúdú,
mo gbé ọlọ tó sán lé e lórí.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bí mo ṣe tú u, òórùn kíkan gba àdúgbò.
Ìyá Sáídì na ọrùn lórí ọgbà:
“Ṣé gaàrí tuntun ni? Bù ú wá ká tọ́ ọ wò.”
Mo ní oúnjẹ ọmọ ni.

Ọmọ àgùntàn tí ìyá rẹ̀ kú
fimú kàn án, ó sín,
ó kọjú sí ògiri bí ìyàwó tí ọkọ ṣẹ̀.
Mo fọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Lóru, bí aago méjì,
wàmù, wàmù,
eyín kékeré lórí ohun tí a máa ń dáná sun.
Mi ò tan iná wò ó.
Jímọ̀ ni Odùnúgà ń bọ̀.