Ìsàlẹ̀ Ni Mo Kọ́kọ́ Wò

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là ó lé igba
ló wà nínú agolo bisikíìtì lórí fìríìjì wa ní Brooks.
Owó òru ni. Owó ọ̀bẹ, owó ọwọ́ tó kú tipiri
nídìí ẹran tí mò ń gé nígbà tí ìlú ń sùn.
Mofẹ́yìntolú mọ iye rẹ̀ jù mí lọ.
Ó ní, "Bí o bá fẹ́ fi í ra ìyà,
rí i dájú pé ìyà náà ní ìwé."

Mọ́sítáǹgì pupa kan ni mo kọ́kọ́ rí ní Lethbridge.
Ó ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n fi òrí kùn tán.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀:
iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín
ti jẹ sáásì rẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ òpó.
Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka mi wọlé.
Ọmọkùnrin tó ń tà á ń wo ojú ọ̀run.
Ọ̀dà ni mo bá níbẹ̀, mọ́tò ti lọ.

Òmíràn wà ní Calgary, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù,
ṣùgbọ́n ó wúwo bí ẹjọ́ ilẹ̀.
Ta ni yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sáré ìdámẹ́rin máìlì?

Garth, tí a jọ ń gé ẹran,
tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún sáré ní Medicine Hat,
sọ fún mi pé, "Agbára ṣeé rà bó dọ̀la.
Irin tó bá ti dógùn-ún wọnú, owó kankan kò rà á padà.
Wá èyí tó fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì í,
tí iwájú rẹ̀ gba ẹ́ńjìnnì ńlá láìsí ìjà,
tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kún gbogbo ibi tí wọ́n ń tú òkú mọ́tò."
Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀. "Má sì rà á lálẹ́."
Mo ní àwọn bàbá wa ti sọ ọ́: òru ò mẹni ọ̀wọ̀.

Bí mo ṣe dé oko Ìyá Friesen nìyẹn, lẹ́yìn Bow Island,
níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́ títí ilẹ̀ fi gbẹ bí ẹja.
Iyọ̀ títì kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Málíbù ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
àwọ̀ rẹ̀ bí ọbẹ̀ tó ti sùn ọjọ́ mẹ́ta;
ológbò kan ti bímọ sórí àga ẹ̀yìn.
Ilẹ̀kùn mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́rin,
ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ bá èèyàn bí èmi.
Mo dojú sókè nínú eruku, mo rá wọ abẹ́ rẹ̀,
mo fi òòlù kékeré kan sáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn.
Ó dáhùn: ko. Ko. Ko.
Lẹ́bàá táyà òsì nìkan ló ti dáhùn: pù.
Ibi kan péré. Èwo nínú wa ni kò ní?

Ìyá náà dúró tòun ti ife tíì lọ́wọ́.
"Ọkọ mi kò fi í sáré rí," ló wí.
"Ṣọ́ọ̀ṣì ni, àti ọjà àlìkámà."
Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe.
Mo fẹ́ parọ́. Mo sọ òótọ́.
Ó rẹ́rìn-ín títí ológbò fi jí.
"Ó ti pẹ́ tó yẹ kí ẹnì kan bá a sáré,"
ó sì yọ igba dọ́là nínú ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ tó pè é,
pé kí n fi ra bẹ́líìtì tó dáa.

Ó wà lẹ́yìnkùlé wa báyìí, lábẹ́ tapólì.
Ẹ́ńjìnnì tó yẹ ẹ́ kò tíì sí. Jíà kò tíì sí.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dọ́là ló kù nínú agolo.
Lánàá, Mofẹ́yìntolú wọlé sídìí sitiárìn,
ó dì í mú, kò sọ nǹkan kan.
Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún.
Ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.