Omi Ìfọwọ́

Bàbá Ṣówèmímọ́ tó ń wa yanrìn ló kọ́kọ́ sọ fún mi:
"Nǹkan kan wà lára àpáta lábẹ́ afárá Lafẹ́nwá,
ó jọ kànìnkànìn, kì í ṣe kànìnkànìn.
Bó bá kàn ọ́, ara yóò yún ọ dalẹ́."

Oṣù Ẹrẹ́nà ni, Odò Ògùn ti fà,
àpáta yọ eyín síta bí arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín.
Mo fi abẹ há a. Kò sá. Kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá,
kò lójú, kò lẹ́nu tí a lè tọ́ka sí;
ihò ni gbogbo ara rẹ̀, ihò wẹẹrẹ bí ojú asẹ́,
omi ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru.
Àmọ́ asẹ́ a máa da pàǹtí nù.
Èyí kì í dà á nù.
Ohun tí odò bá gbé wá ló ń fi pamọ́ sínú,
bàbà, irin, òjé,
bí ìyá àgbà tó ń so owó mọ́ ìdí aṣọ
tí kò sì ní í ná an.

Mo gbé e lọ sí Alábàtà nínú kúlà.
Mo sá a gbẹ, mo lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè,
mo fi ásíìdì yọ́ ọ.
Ti òkè odò, òjé inú rẹ̀ kò tó nǹkan.
Ti Lafẹ́nwá: ìlọ́po mọ́kànlá.
Mo ní ẹ̀rọ ti ṣìṣe. Mo tún un ṣe.
Mọ́kànlá.

Mo mọ ilé òjé náà.
Mo mọ búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí ìkòkò rẹ̀ jókòó lé,
mo mọ ẹni tó ń fi àáké la bátìrì ọkọ̀,
tó ń da omi kíkan inú rẹ̀ sí gọ́tà,
tó ń yọ́ òjé fún àwọn tó ń ṣe àwọ̀n.
Ṣóbọ̀wálé, ọmọ ìyá mi.
Ọdún márùn-ún ló fi san owó ilé-ìwé mi,
náírà tó ń rùn bí èéfín.
Òjé ni mo fi kàwé tí mo fi mọ òjé.

Lálẹ́ àná ó yà sílé, ebi ń pa á, ó ń wúkọ́.
"Onímọ̀, kí lẹ rí nínú odò?"
Ìwé èsì wà nínú báàgì mi, mo ká a sí mẹ́rin.
Mo wo èékánná rẹ̀.
Mo fún un lọ́ṣẹ àti kànìnkànìn.
Ó fọwọ́ títí omi abọ́ fi dúdú,
ó jókòó ti oúnjẹ.
Mo gbé abọ́ náà dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn,
mo dúró.
Gọ́tà wa, odò ló ń lọ.