Alárinà

Nínú ìgò tó tó ìkúùkù ọmọdé, ó ṣiṣẹ́.
Gbogbo wa rí i, lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ní Palanpur:
ẹ̀kún irin kan, tí kò tó iyọ̀ ẹyin,
ó já ẹ̀wọ̀n epo lárà ní agbedeméjì,
ó tún un so bó ṣe wù ú,
apá kan di òórùn òdòdó, apá kan di ike líle,
òun fúnra rẹ̀ sì jáde láì dín.
Jigisha pàtẹ́wọ́. Èmi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Bójú bá mojú, alárinà a yẹ̀bá.
Bí mo ṣe rí irin náà nìyẹn:
ó mú wọn mọra, ó fi wọ́n sílẹ̀,
ó wá àwọn mìíràn lọ.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Lalwani, olùṣírò owó, kò wo ìgò.
Bébà ló ń wò. Ó ní:
"Ìgbéyàwó mélòó ni alárinà yín lè ṣe kó tó kú?"

A dákẹ́.
Irin yẹn wọ́n ju wúrà lọ,
nínú àgbá tọ́ọ̀nù mẹ́fà, ọ̀sán kan péré ló lò.
Epo ló pa á. Epo tó ti kan díẹ̀,
torí hóró rẹ̀ ti pẹ́ nínú àpò, nínú ooru Deesa,
lọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró kí ọjà gbówó lérí.

Mo mọ yàrá àpò yẹn.
Mo sùn níbẹ̀ lọ́mọdé, èèpo lárà ń gún mi lẹ́yìn.

A fi amọ̀ sẹ́ epo náà. Irin lo ọjọ́ méjì, ó lo mẹ́ta.
Lalwani ní iye rẹ̀ kò tíì jọ èrè.
A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá:
ọ̀rọ̀ náà sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí,
torí oògùn làpálàpá gan-an
wà lára ohun tí à ń yọ nínú epo yìí.

Lálẹ́, mo pe bàbá mi.
Mo ní, "Bàpú, oṣù mélòó lẹ fi ń tọ́jú hóró
kí ẹ tó tà á fún wa?"
Ó wúkọ́. Mo gbọ́ ajá kan lẹ́yìn rẹ̀.
"Títí ẹ ó fi san owó gidi," ó ní.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé,
lábẹ́ ìwọ̀n ooru.