Ìṣẹ́jú Mọ́kàndínlógún

Láti Hẹlisíńkì sí Tálíìnì,
bí o bá sín lẹ́ẹ̀mejì, a ti dé.
Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún péré ni mo ní
láàárín ìgbà tí páílọ́ọ̀tì bá pa iná bẹ́líìtì
àti ìgbà tí yóò tún tàn án,
kí n fi tẹ́ tábìlì fún ẹni mẹ́fà
tí wọ́n san owó ìrìn àjò mẹ́ta fún ẹyọ kan.

Kí ni wọ́n rà gan-an?
Aṣọ ìkélé kan tí kò nípọn ju yẹ̀rì lọ
ló pààlà láàárín wọn àti àwọn tó kù.
Ìjókòó kan náà ni, fóòmù kan náà,
orúnkún ń gbá ẹ̀yìn àga bákan náà.
Wọ́n kàn fi àga àárín sílẹ̀ lófìfo,
wọ́n wá ń ta òfìfo náà fún olówó.
Ẹni iwájú, ẹni ẹ̀bá ilé ìgbọ̀nsẹ̀,
táyà kan náà ni yóò gbé wọn balẹ̀.

Èmi Vuokko, ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí.
Mo mọ bí a ṣe ń sáré kó má jọ eré.
Mo mọ oníkọ̀ǹpútà tí í ju ọwọ́ sóúnjẹ bí ẹni lé eṣinṣin,
mo mọ arábìnrin tí í mu wáìnì méjì
kí a tó kọjá etíkun.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì,
bàbá Heldur jókòó sí ìlà kejì, lẹ́bàá fèrèsé.
"Ọmọ mi ló ra tíkẹ́ẹ̀tì,"
ó sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ àforíjì.
"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dáná nínú ọkọ̀ ojú omi
lórí òkun tó wà nísàlẹ̀ yìí.
Ọbẹ̀ a hó, èèyàn a jẹ, a tún bù sí i,
ilẹ̀ kò ní tíì yọ."

Mo gbé àwo kalẹ̀:
ẹja sámọ́nì tútù, pẹlẹbẹ bí ahọ́n,
pòtétò mẹ́ta tí kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ,
ewé dílì, búrẹ́dì dúdú,
bọ́tà tó le bí òkúta.
Àwọn yòókù gbé e mì.
Wọ́n ní ọbẹ̀ gbígbóná là ń fi pẹ̀lẹ́ lá;
tútù ni tiwa, òun náà ló ń fi pẹ̀lẹ́ lá.

"Ta ló sè é?"

Wọ́n ti bi mí bóyá ó kù,
wọ́n ti bi mí bóyá wáìnì pupa wà.
Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní èyí rí.
Mo ní, "Ilé ńlá kan ni, lẹ́yìn pápákọ̀ òfurufú,
kò ní fèrèsé."
"Ilé kì í se ẹja," ó wí.
"Ọwọ́ lẹnìkan fi já ewé yìí, kì í ṣe ọ̀bẹ. Wo etí rẹ̀."
Mo wò ó. Òótọ́ ni.

Agogo dún. Nísàlẹ̀, yìnyín ti sán lójú òkun.
Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dé kẹ́yìn; ó ṣẹ́ ku ìdajì.
"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́."
Kò jiyàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo fún mi,
ó di búrẹ́dì mú.
Ó ṣì ń jẹnu nígbà tí táyà kan ilẹ̀.

Lábẹ́ àwo rẹ̀ ni mo ti rí i, lára aṣọ ìnuwọ́,
lédè wa, pẹ̀lú àṣìkọ atukọ̀:
*Sí ẹni tó já dílì. Ẹja náà dára.
Iyọ̀ díẹ̀ sí i.*

Lálẹ́, mo fún Jarkko tó ń wa ọkọ̀ oúnjẹ.
Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín,
lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́;
ó ká a sápò àyà.

N kò mọ̀ bóyá ó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.
Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jí ẹja díẹ̀ tọ́ wò
lóòró, lẹ́yìn aṣọ ìkélé.
Ó jọ pé iyọ̀ wà níbẹ̀.
Ó sì lè jẹ́ ahọ́n mi ló ń ṣègbè.