Kúlà Aláwọ̀ Búlúù

Gbogbo Arówómọlé ló mọ ìró ọkọ̀ wa ní Sátidé.
"Àwọn Ìtálì ti ń jáde nù un,"
ni Ìyá Ṣẹ̀yẹ máa ń wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀.
"Wọ́n tún gbé kúlà dání.
Ṣé ilé ò ṣeé jẹun ni?"

Bírẹ́ṣà la ti rà á, lọ́wọ́ ará Mòrókò kan.
Yúrò mẹ́sàn-án ló pè é,
Wúràọlá ná an títí ó fi rẹ ọkùnrin náà.
Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ẹnu-ẹ̀rọ omi ni mò ń dán,
eruku idẹ nínú imú, eruku idẹ nínú oorun.
Òun ń tọ́jú ìyá arúgbó kan
tó ń pè é ní Láúrà,
torí Wúràọlá pọ̀ jù fún eyín mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n tiwa ni Sátidé.
A ó ka owó rélùwéè lórí tábìlì,
a ó di ìrẹsì, ẹja díndín, dòdò,
ó di etí adágún Gádà.

Kò sẹ́ni tó lé wa.
Kò sẹ́ni tó jókòó tì wá náà.
Ẹní wa dá wà lórí òkúta wẹ́wẹ́;
ọmọ wọn a wo kúlà, ìyá wọn a fà á lọ́wọ́.
Àfi bàbá kan lọ́jọ́ kan, tó tọ́ dòdò wò lórí ìdúró,
tó ní kí la pè é.
"Dòdò," ni Wúràọlá wí.
"Dòdò," ni bàbá náà wí,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ tuntun,
ó bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ náà ni ìpè ìyá mi máa ń bá wa:
"Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀?"
Mo máa ń ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

A ti dé. Ọdún kẹta rèé.
Èmi tí mo dán ẹnu-ẹ̀rọ fún ọdún mọ́kànlá,
kànga là ń fà nílé mi.
Oyètọ́lá ń kí adìẹ ní "ṣáò".
Mo bá ni ná bàtà ní Sábó,
wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n fowó lé e.
Kọfí dúdú tí Wúràọlá ń sè nínú ìkòkò onígun mẹ́jọ,
ìyá mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan péré,
ó kó ẹnu jọ:
"Àìsàn wo lẹ ń fi èyí wò?"

Lónìí a gba ọ̀nà Ìgbẹ́tì,
a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kajú.
Ọyẹ́ ti gbẹ ètè wa. Eèrà ti rí wa.
Bàbá àgbẹ̀ kan yọ, àdá lábíyá:
"Ṣé ọkọ̀ yín bàjẹ́ ni?"
Rárá o, bàbá. A kàn jókòó ni.
"Ẹ kàn jókòó."
Ó wo ọkọ̀. Ó wo kúlà. Ó wo ojú ọ̀run.

Oyètọ́lá bu oúnjẹ fún un sínú ìdérí.
Ó fi ìka gbé ọ̀kan, ó ń mì bí ekòló.
"Kí lẹ pè é?"
"Pásítà," lọmọ mi dáhùn.
"Pásítọ̀ kẹ̀!
Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí? Ẹ̀ ń jẹ pásítọ̀?"
Ẹ̀rín ta Wúràọlá lulẹ̀,
omi dà, èmi náà ń wú ikọ́,
bàbá náà ń rẹ́rìn-ín ohun tí kò tíì yé e.
Ó bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀.
Ó jókòó.
Lórí ẹní wa, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó súre fọ́mọ.
Ó wá bi mí, tìfẹ́tìfẹ́:
"Ọjọ́ wo lẹ ń padà?"

Mo ń wá èsì kiri nínú koríko.
Wúràọlá fi orúnkún tẹ ìdérí kúlà
tí kì í pa dé dáadáa mọ́.
"Ìrọ̀lẹ́ yìí ni, bàbá," ló wí,
"kí ilẹ̀ tó ṣú."