Ilẹ̀kùn Kejì

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá kẹrin ní
lọ́dún tí wọ́n fún Marivic lọ́rùn.
Òru ọjọ́ Ẹtì ni, ní Winnipeg, nínú oṣù kìíní,
òtútù ìta ń bu ni jẹ bí ajá tí ebi ń pa.
Bàbá náà dúró sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ẹnu ọ̀nà,
ó ní ìyàwó òun dà,
ìyàwó tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá,
ó sì fi okùn rọ́bà tí a fi ń gbọ́ lílù àyà
wé mọ́ ọrùn ẹni tó gbé oògùn wá fún un.

Mo gbọ́ ariwo abọ́ tó já bọ́,
mo rò pé abọ́ lásán ni.
Títí dòní, bí ṣíbí bá bọ́ nílé mi,
mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá bi í léèrè:
"Kí lo ṣe fún un?"
Ìbéèrè yẹn ní ọwọ́,
òun náà fún un lọ́rùn.
Àwa yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ṣe rí,
ẹni tó bá wọ odò kì í ráhùn pé ara òun tutù.
Irọ́ ni. A kò wọ odò.
Ilé ìtọ́jú arúgbó la wọ̀.

Wọ́n wá ní ká yan ìgbìmọ̀.
Wọ́n gbé ìwé kan wá, ojú ewé méjìdínlógójì,
orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì wà lójú ewé kẹsàn-án.
"Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i," ni Ọ̀gbẹ́ni Sigurdson wí.
Mo ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.
Mo sọ ọ́ lédè wọn, kò dùn tó bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n Tekle tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín.

Ni a bá dìde nídìí tábìlì.
A ka gílóòbù tó ti kú níbi ìgbọ́kọ̀sí: mẹ́fà.
A ka òru tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá ṣiṣẹ́:
gbogbo òru.
A tẹ bọ́tìnì pupa abẹ́ tábìlì,
kò sẹ́ni tó wá.
Wáyà rẹ̀ ti já láti ìgbà tí wọ́n kun ògiri.

Oksana tó ń nulẹ̀ ní òun ti mọ̀ tipẹ́:
bí bàbá yẹn bá ti ń ka ìka rẹ̀ lálẹ́,
kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú rẹ̀.
Ta lo sọ fún? Kò sẹ́ni tó bi mí.
Ọdún márùn-ún ló fi gbé ìmọ̀ yẹn káàkiri
pẹ̀lú garawa.

Ohun tí a kọ kò gùn.
Ká má fi ẹnì kan dá òru ṣe.
Ká bi ẹni tí wọ́n lù bí ara rẹ̀ ti rí
ká tó bi í ní ohunkóhun mìíràn.
Ìbáà ṣe èébú, ìbáà ṣe itọ́, ká kọ ọ́ sílẹ̀,
kí ẹni tó kọ ọ́ má sì tìtorí rẹ̀ pàdánù iṣẹ́.
Owó ilẹ̀kùn kejì kò sí, wọ́n ní ká mú sùúrù.
Yìnyín yọ́, ó tún bọ́, ó tún yọ́.
Wọ́n lu ògiri.

Bàbá náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. N kò bá a ṣọ̀tá.
Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ṣáko lọ, a kì í pè é níkà.
Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń fá irùngbọ̀n rẹ̀,
"O ṣé, Abby," ni yóò wí,
Abọ́sẹ̀dé wúwo jù lẹ́nu rẹ̀.
Lálẹ́ àná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka.
Mo wo ẹnìkejì mi, ó wò mí,
a gbé àwo kalẹ̀ jẹ́jẹ́,
a gba ilẹ̀kùn tuntun jáde, a kò tì í,
a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti lè rí wa
títí ó fi ka ìkẹwàá, tó sùn lọ.

Marivic ti kó lọ sí Regina, ó ń ta òdòdó.
Mo fi àwòrán ilẹ̀kùn náà ránṣẹ́ sí i.
Ó pẹ́ kó tó fèsì.
Ó ní: "Ọ̀dà wo ni wọ́n fi kùn ún?"